Losivale àti Ọmọ Tí Òkun Gbé Wá

Wọ́n ní kí n yé dárúkọ Losivale lábúlé wa. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Saleava ní ìwé kíkà, ẹni tó bá fẹ́ pa èmi Tiresa lẹ́nu mọ́ ì bá ti ṣe é nígbà tí mo ṣì ń fi ẹgba lé e kiri kíláàsì. Àbúrò mi ni Losivale. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, inú àgbàlá kan náà ló ti dàgbà níṣojú mi, èmi ni mo sì kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù lé e lọ́wọ́. Bí mi ò bá sọ ìtàn rẹ̀, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ni yóò máa sọ ọ́.

Ìbéèrè ni wọ́n bí mọ́ ọmọ náà. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ó dúró ti àwọn sàréè tó wà níwájú ilé wa, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ta ló bí èyí? Ta ló bí ẹni tó bí èyí?" Ìyá àgbà wa fi abẹ̀bẹ̀ gbá a lẹ́nu. Ní erékùṣù wa, a kì í béèrè irú ìyẹn ní gbangba. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ìran tirẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ wé, tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí, nítorí ẹni tó bá mọ ẹni tó bí ọ ló mọ oyè tó tọ́ sí ọ, òun náà ló sì mọ ilẹ̀ tó yẹ kí o kúrò lórí rẹ̀. Losivale sunkún díẹ̀, ó nu imú, ó tún béèrè.

Bàbá mi ni wọ́n wà lórí oyè Lemanua nígbà yẹn, tí í ṣe oyè ìdílé wa. Àbúrò wọn, Bàbá Aukuso, ni bàbá Losivale. Díákónì ni wọ́n, ènìyàn pẹ̀lẹ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà bó bá ti sọ ọ́. Ìyàwó wọn kú nígbà tí Losi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọn kò sì fẹ́ òmíràn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi òróró àgbọn pa ọmọ lára, àwọn náà ni wọ́n ń di irun rẹ̀. Irun ọ̀hún kì í dára rárá. Ọmọ á wá sí kíláàsì mi bí ẹni tí adìyẹ yé lé lórí, bí mo bá sì fẹ́ tún un dì, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Á ní, "Ẹ má tú u o, Bàbá ló dì í."

Nígbà tó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí yunifásítì kan ní Sídínì, Bàbá Aukuso sin ín dé èbúté. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní iyọ̀ òkun ló ta sí àwọn lójú. Mo wà níbẹ̀, omi dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìtàn ló lọ kọ́. Ó fẹ́ mọ bí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ṣe wọ àwọn erékùṣù inú òkun wa, bí àwọn olóyè ṣe fi ìjọ gbé oyè wọn ga, tí àwọn oníwàásù náà sì fi oyè gbé ìjọ tiwọn ga. Á ka lẹ́tà àwọn òyìnbó tó ti kú láti ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún, á wá gbé ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ, á máa wo ibi tí méjèèjì ti bára mu àti ibi tí ẹnì kan ti ń purọ́. Ní gbogbo ìsinmi ló ń wálé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn sílẹ̀. Kì í kánjú. Á kọ́kọ́ bá àwọn arúgbó bó kókò fún ọjọ́ méjì, á bá wọn lé eṣinṣin, ó di ọjọ́ kẹta kó tó yọ ẹ̀rọ. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Mele tó ń gbé lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì bi í léèrè lọ́jọ́ kan:

"Losi, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń sanwó fún ọ torí pé ò ń gbọ́ irọ́ wa?"

"Wọ́n ń san díẹ̀, Ìyá."

"Díẹ̀ kẹ̀! Sún mọ́ mi dáadáa, kí n pa èyí tó tóbi fún ọ."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì bi ní nǹkan kan, bàbá tó bí i. Ó ń bẹ̀rù wọn. Nígbà tó wá di ọdún kejì, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kó bá àwọn lọ sí oko kókò lókè. Wọ́n tu koríko títí oòrùn fi ga, wọ́n jókòó sábẹ́ igi bẹrẹfúùtù, Losi sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ sáàárín wọn.

Bàbá Aukuso ní, "Pa nǹkan yẹn."

Ó pa á.

"Yọ bátìrì rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ bátìrì. Ìgbà náà ni wọ́n sọ fún un pé bàbá tó bí bàbá àgbà àwọn kì í ṣe ọmọ Lemanua nípa ẹ̀jẹ̀. Ìjì ló gbé ọkọ̀ kan wá láti erékùṣù mìíràn, ọkọ̀ náà fọ́ sórí òkúta, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú àyàfi ọmọkùnrin kan tí kò tíì lè rìn dáadáa. Lemanua ìgbà náà kò bímọ. Ó gbé ọmọ náà lé itan, ó ní òun ni òun bí i, ó sì fi oyè lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń kú lọ. Láti ìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ní ìran kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, kì í sì í ṣe ẹni tó joyè.

Losi béèrè ìdí tí kì í fi í ṣe olóyè.

"Ẹni tó wà lórí oyè kò gbọdọ̀ máa fura sí ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀. Mo sọ ọ́ fún ọ torí pé ìwọ nìkan ni mo bí. Kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé o."

"Kò ní wọ inú ìwé, Bàbá."

"Fi sàréè ìyá rẹ búra."

Ó fi búra. Wọ́n ru kókò wọn, wọ́n padà sílé, ó sì dáná fún wọn.

Ọ̀kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bá a sọ ọ́: ọmọ yìí pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọdún méjì gbáko ló fi gbé e sínú. Kò sọ ọ́ fún èmi pàápàá, èmi tí mo mọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan oṣù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan ní Sídínì, níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, ó ṣí àpótí kan, ó bá lẹ́tà oníwàásù kan pàdé, ìtàn ọmọ tí òkun gbé wá sì wà nínú rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n Tiresa, mo rí i! Mo rí i!"

"Kí lo rí? Ọkọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Ọlọ́run ló fi lé mi lọ́wọ́. Mi ò lè ṣàlàyé."

Mo ní bí kì í bá ti í ṣe ọkọ, kó jẹ́ kí n lọ wo ìkòkò mi.

Bó ṣe gbà á rò nìyí: "Ohun tí Bàbá sọ fún mi, mo búra pé mi ò ní kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ìwé òyìnbó, Bàbá kọ́ ló sọ ọ́. Ìyẹn ti já okùn lọ́rùn mi." Ó fi sínú ìwé ńlá tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìdajì ojú ewé péré, láàárín ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé. Kì í sì í ṣe láti fi tàbùkù ẹnikẹ́ni. Mo ti kà á lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn ìjọ méjì ń bá ara wọn jà létíkun wa lórí ẹni tí í ṣe ti Ọlọ́run, Lemanua ti Saleava gbé ọmọ tí òkun pọ̀ sílẹ̀, ó sì fi gbogbo ohun tó ní jìn ín, àti pé nínú gbogbo ìwàásù tí òun kà láti ìgbà náà, òun ò rí èyí tó tó o. Ìyìn ló kọ. Ó rò pé òun ń gbé ilé bàbá òun ga.

Nígbà tí ìwé náà dé Saleava, a pa ẹlẹ́dẹ̀ méjì. Bàbá Aukuso gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì wọn. Wọn ò gbọ́ èdè òyìnbó, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó yà tí wọn ò gbé e fún kó fọwọ́ kàn án. "Ọmọ mi ló kọ gbogbo èyí," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì máa ṣí i fún un ní ewé kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo gbọ́ èdè òyìnbó ńkọ́? Mo kà á dé ojú ewé kejìlá, oorun gbé mi lọ. Mo fi pamọ́ pé n ó parí rẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Olùkọ́ ni mí o, ẹ máa bá mi rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni ọmọ Pouono wá kí Bàbá Aukuso. Pouono ni olórí ẹ̀ka kejì nínú ẹbí wa, àwọn tó ti ọ̀dọ̀ àbúrò Lemanua àtijọ́ wá, tí wọ́n ti ń wojú oyè náà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Apia, olú ìlú wa. Ó yin ìwé náà, ó ní ó wu òun láti kà á. Bàbá Aukuso fi àpò ike wé e kí òjò má pa á, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé e fún un.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni bàbá mi kú. A sin wọ́n síwájú ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, gbogbo ẹbí sì fẹnu kò pé Bàbá Aukuso ni wọn yóò fi joyè. Losivale ti Sídínì wá. A ti ń dá ọjọ́ ìwúyè nígbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ dé: Pouono ní òun kò gbà.

Ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ oyè àti ilẹ̀, a kì í mú lọ́yà dání, olúkúlùkù ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Èmi àti Losi jókòó lẹ́yìn. Pouono dìde, ó yọ àpò ike yẹn. Mo dá àpò náà mọ̀ kí n tó dá ìwé náà mọ̀. Ó ní kí akọ̀wé ka ojú ewé tí òun ti sàmì sí, kó sì túmọ̀ rẹ̀. Bí akọ̀wé ṣe ń kà á ni Losi fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kúrò nínú ọwọ́ mi.

Adájọ́ yíjú sí Bàbá Aukuso. "O ti fi Bíbélì búra. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n kà yìí?"

Wọ́n tún ìró wọn ró, ìró tí ọkùnrin máa ń ró nílẹ̀ wa. Wọn ì bá sọ pé àwọn ò mọ̀. Ta ni ìbá yẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ wò? Gbogbo àwọn tó mọ̀ ti jẹrà nínú ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Òótọ́ ni."

"Ta ló sọ ọ́ fún ọmọ rẹ?"

"Èmi ni mo sọ ọ́ fún un."

Losi fò dìde. "Irọ́ ni! Ẹ jọ̀wọ́, irọ́ ni o! Inú lẹ́tà ni mo ti rí i, Bàbá kọ́!" Ọlọ́pàá ní kó jókòó. Bàbá Aukuso bojú wẹ̀yìn wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbínú kọ́ ni mo rí lójú wọn, ó sàn kó jẹ́ ìbínú. Ojú ẹni tó gbé nǹkan fún ènìyàn dì mú, tí ẹni náà sì jù ú sílẹ̀, ni mo rí.

Pouono joyè Lemanua. Ẹni tó bá ní oyè ló ní ilé tó wà létí òkun, òun ló sì ní àwọn sàréè tó wà níwájú rẹ̀. Kò fi ariwo lé wa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn ń wá jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi yé wa. Èmi lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi lẹ́yìn ilé ìwé. Bàbá Aukuso kó ẹrù wọn lọ sí ahéré tó wà lóko, ilé kékeré kan tí kò ní ògiri bíi ti gbogbo ilé wa, tí wọ́n fi ìbòjú imọ̀ àgbọn yí ká. Wọ́n fi bàbá mi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ tó ṣì rọ̀. Wọ́n fi ìyá Losivale sílẹ̀.

Losi ò padà sí Sídínì. Oṣù márùn-ún ló fi gbé lọ́dọ̀ mi. Ó máa ń gun òkè lọ sí ahéré náà pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà yẹn lọ́wọ́, á dúró síta, á máa pariwo wọlé pé, "Bàbá, ẹ wò ó, déètì rẹ̀ nìyí, òyìnbó ló kọ ọ́, mi ò tú ọ̀rọ̀ yín síta!" Wọn kì í dá a lóhùn. Á padà wá, kò ní jẹun. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ láyé: kí bàbá rẹ̀ gbà pé òun kò dalẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ju lẹ́tà náà sórí itan mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kà á. Ẹ̀yin gbọ́ òyìnbó. Ẹ lọ sọ fún wọn."

Mo wá gíláàsì mi, mo kà á. Lẹ́tà náà kò gùn. Oníwàásù náà ní òun ṣèrìbọmi fún ọmọkùnrin kan tí ìjì gbé wá, àti pé olóyè kan tí kò bímọ ní etíkun yìí ló gbà á tọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Mo ní, "Níbo ni Lemanua wà nínú rẹ̀?"

"Olóyè yẹn ni."

"Olóyè wo? Kò dárúkọ ẹnì kankan. Kò dárúkọ Saleava. Abúlé mọ́kànlá ló wà létíkun yìí, Losi. Báwo lo ṣe mọ̀ pé tiwa ni?"

Mo rí i tó ń wá èsì, bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì mi, tí ojú rẹ̀ á máa sáré. Lẹ́yìn náà ojú ọ̀hún dúró. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá ló sọ fún mi," ó wí bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ká ní wọn ò sọ fún mi ni, ǹ bá ti ṣí i kọjá."

Ó lé ní ọdún mẹ́ta tó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ òun mọ́. Ẹni tí wọ́n kọ́ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò, tó ń tú irọ́ òyìnbó tó ti kú fó, kò yẹ tirẹ̀ wò. Ó sunkún lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe rí i kó sunkún rí, àní lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo ní kó lọ ṣe ifoga. Bí ẹnì kan bá pa ènìyàn, tàbí tó bá ba ilé ẹlòmíràn jẹ́, ní ilẹ̀ wa, àwọn ará ilé rẹ̀ á lọ jókòó níwájú ilé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n á fi ẹní àtàtà bo orí, wọ́n á dorí kodò, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Bí onílé bá ṣí ẹní náà kúrò, ó ti parí. Bí kò bá ṣí i, ó lè jẹ́ àdá ni yóò mú jáde.

Losi nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n, ilé sí ilé ni wọ́n ń ṣe é. Mo ti kọ odindi orí kan nípa rẹ̀. Olórí ẹbí ẹni ló ń jókòó sábẹ́ ẹní náà. Ta ni olórí ẹbí tèmi? Bàbá náà ni."

"Ìwé ló ń dààmú rẹ," mo dáhùn. "Kí ni ìwé tíì ṣe fún ọ? Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Bàbá rẹ ni. Bí wọ́n bá rí ọ lábẹ́ ẹní, inú wọn á rọ̀."

"Ó dà bíi pé kò bójú mu."

"Èmi ni àgbà àbí ìwọ?"

Mo ṣí àpótí mi, mo gbé ẹní tí ìyá mi fi ọdún méjì hun jáde, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́.

A gun òkè kí àkùkọ tó kọ tán. Ìrì wà lórí ewé kókò. Losi jókòó sórí ilẹ̀ tútù níwájú ahéré náà, mo da ẹní bò ó, èmi sì lọ dúró nídìí bẹrẹfúùtù. Bí mo ṣe ń wò ó, ó kéré lábẹ́ ẹní náà. Nígbà tí Bàbá Aukuso yọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí i. Wọ́n dúró. Wọ́n di òpó ilé mú, lẹ́yìn náà wọ́n padà wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n máa jáde, ìró tí wọ́n ń ró lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ni wọ́n ró, wọ́n sì mú ìrùkẹ̀rẹ̀ wọn dání. Wọ́n rìn wá, wọ́n ṣí ẹní náà kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Mo pariwo pé, "Jésù ṣeun!" Mo rò pé ó parí.

Losi gbé orí sókè. "Bàbá..."

Bàbá Aukuso ju ìrùkẹ̀rẹ̀ sí èjìká. Ohùn tí wọ́n fi ń kí àwọn olóyè ìlú òkèèrè ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ẹni iyì tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá. Ẹ ti rẹ ara yín sílẹ̀ níwájú ilé kékeré yìí. A ti rí ìrẹ̀sílẹ̀ yín."

"Bàbá, èmi ni. Losi ni."

"Láti òní lọ, kò sí ìjà láàárín ilé yín àti ilé wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti lọ sínú òkun. Ẹ dìde, ẹ wọlé wá jẹun."

Wọ́n mú un jókòó síbi tí a ń mú àlejò jókòó sí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n bó kókò, wọ́n bu ewé kókò tí a sè nínú omi àgbọn sí i, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin fún un. Ọmọ ilé kì í jẹun kí bàbá rẹ̀ tó jẹun. Àlejò ló ń kọ́kọ́ jẹ. Losi fi kókò sẹ́nu, omi ojú rẹ̀ ń kán sínú àwo. Wọ́n ń wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tó gbé àwo kalẹ̀, wọ́n gbàdúrà kí Ọlọ́run sin àlejò dé ilé rẹ̀ láyọ̀.

Mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo wọlé, mo dúró lé wọn lórí. "Bàbá Aukuso, kí lẹ ń ṣe? Ọmọ yín nìyí! Ọmọ tí ẹ bí!"

Wọn ò wo Losi. Èmi ni wọ́n wò, omi sì wà lójú àwọn náà.

"Tiresa, ọmọ mi ò ní jókòó sábẹ́ ẹní níwájú ilé mi. Ọmọ mi á wọlé ni. Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣí ìbòjú ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sílẹ̀, òjò ń pa mí. Mo ń gbọ́ ọ níta tó ń ka lẹ́tà sí mi létí. Mo ní bó bá sáà lè wọlé kó wá jókòó tì mí. Kò wọlé. Ó wá ṣe ohun tí àjèjì ń ṣe, mo sì gbà á bí a ṣe ń gba àjèjì. Mo ti dárí jì í. Sin àlejò wa dé ojú ọ̀nà."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní èmi ni mo ní kó ṣe é. Wọ́n ní ohun tí a ti fi ìrùkẹ̀rẹ̀ sọ, a kì í fi ẹnu gbé e padà. Ẹni tó sọ òótọ́ nílé ẹjọ́ tí oyè fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, irú rẹ̀ kọ́ ni yóò yí ọ̀rọ̀ padà torí ẹkún mi.

A dúró lójú ọ̀nà, à ń retí bọ́ọ̀sì. Losi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti dárí jì mí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Tí mo bá wá padà nísinsìnyí ńkọ́, tí mo bá kàn wọlé?" Èmi tí mo ní èsì sí ohun gbogbo, mo yíjú sí ọ̀nà, mo ń wo bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì dé, ó wọ̀ ọ́, ó padà sí Sídínì lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Aukuso kú. Losivale wá. Ó gbé ẹní àtàtà mẹ́fà wá síbi ìsìnkú, ó sì dúró sáàárín àwọn àlejò níta ilé, ó ń dúró dìgbà tí wọ́n máa pè é, nítorí òfin àlejò kò ṣàjèjì sí i. Agbẹnusọ ẹbí dìde, ó na ẹní náà sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó sì kéde bí wọ́n ṣe ń kéde ti gbogbo àlejò. Ó ní, "Ẹní mẹ́fà, láti ọ̀dọ̀ ìdílé kan ní Sídínì." Losivale tẹrí ba, ó sì dúpẹ́.